Àwọn Àìsàn Bámilóyè

Ara Bámilóyè le nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tó bá ń gbé Bàrígà lásìkò náà lè ti gbọ́ nǹkan mìíràn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, tàbí lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ní Ọsibítù Àjùmọ̀wò, ilé alájà kan tó wà ní ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú ó ti pẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń dá gbé. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Kì í jáde láìlọ aṣọ. Ó máa ń kun irun rẹ̀ ní dúdú, ó sì ní ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ kùn ún. Moyọ̀sọ́lá ni.

Moyọ̀sọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Òun kì í tẹ̀wé, dídì ni tirẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìn ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán nísàlẹ̀, òkè lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ kó gé e, kó rán an, kó lẹ̀ ẹ́. Ó ti kọ ọkọ kan sílẹ̀ rí, kò sì kánjú. Lọ́dún tó kọjá ni Bámilóyè gbé ìwé orin ẹgbẹ́ akọrin lọ fún un láti dì. Láti ìgbà náà, kò yé wá nǹkan tó ya kiri. Moyọ̀sọ́lá ti bá a di Bíbélì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí àìsàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Dókítà Bọ́lárìnwá, ọ̀gá ọsibítù yìí, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka ìṣègùn ìbílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ó ti sú òun kí aláìsàn máa mu àgbo ní bòókẹ́lẹ́ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì; bí wọn ó bá mu ún, kí wọ́n mu èyí tí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wá lọ mú Màmá Ògúntádé wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá arúgbó kan tó ti ń fi ewé àti egbò tọ́jú èèyàn láti kékeré. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá sọ fún un ni pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni òun máa kọ́kọ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

"Àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn tó ń se oúnjẹ, àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì," ó ní. "Àwọn yẹn ni aláìsàn ń sọ òótọ́ fún. Ẹ̀yin dókítà ni wọ́n ń purọ́ fún."

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń péjọ sí yàrá ìjẹun nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fọ ìkòkò àgbo, bí a ò ṣe gbọdọ̀ da ti àná mọ́ ti òní, bí a ṣe ń dá ewé gbígbẹ mọ̀ láìtọ́ ọ wò. Bámilóyè kò rí ara gbà á.

"Nítorí ewé oko ni mo ṣe fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀," ó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, "mo tún wá bá ewé l'Ékòó."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá ń ṣàlàyé bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè ohun tó ti lò nílé. "Ẹ má bi í bí ọlọ́pàá," ó ní. "Ẹ bi í bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ìhanrun ta láti ẹ̀yìn. Bámilóyè ti fi orí ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Bọ̀dá Bámi ni, Màmá," Níní dáhùn. Níní ni kúùkù ọsibítù.

"Ẹ jí i. Ó ti di aláìsàn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá fa Bámilóyè lọ́wọ́ wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin kúkurú ni, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn kó tó dé ẹnu.

"Ṣé o lè purọ́?" ó bi í.

"Màmá, onígbàgbọ́ ni mí."

"Mo mọ̀. Ṣé o lè purọ́?"

"Tó bá jẹ́ nítorí ẹ̀kọ́."

"Ó dáa. N ó sọ fún wọn pé àìsàn kan wà lára rẹ lóòótọ́ tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, pé o gbà kí wọ́n fi ọ́ kọ́ṣẹ́. Wọn ó máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ fún Fadékẹ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Sọ fún Níní pé ìpá ni. Làkúrègbé ni ti Fuad. Ní ti Hadassah, etí rẹ ló ń hó. Èyí tá a bá wá gbọ́ lóde, a ti mọ ẹnu tó ti jáde."

Oorun dá lójú Bámilóyè. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó yé e dáadáa.

Màmá padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù, ojú rẹ̀ le. "Ẹ gbọ́ o. Ohun tí ọkùnrin yìí bá sọ fún yín, èmi nìkan lẹ ó wá sọ ọ́ fún. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún aya. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣe kókó àdúrà."

Fadékẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Òun ló ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, àánú èèyàn sì máa ń tètè ṣe é. Bámilóyè ti fi ìdí kan jókòó dè é. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí náà pọ̀ débi pé òun ń rán ìrọ̀rí mọ́ inú ṣòkòtò òun. Omi lé ròrò sójú Fadékẹ́. Nígbà tí Níní wọlé, ìpá náà ti tóbi tó ọmọ àgbọn, ó sì máa ń sọ̀kalẹ̀ sí i bí òun bá ti fa ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níní gbé ọwọ́ lé àyà, kò sì mọ ibi tó máa wò.

Ó wá kan Fuad.

Fuad ni ọ̀gá àwọn afọṣọ. Kò tíì pé ogójì ọdún, ìyàwó méjì ló ní, kò sì sí ọjọ́ tí kì í jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń jẹ̀gbádùn òun. Bámilóyè wò ó bó ṣe ń rìn wọlé bí àkùkọ, ó sì dà bíi pé làkúrègbé kéré fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

"Fuad, ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Fuad ti ilẹ̀kùn.

"Ó ti sùn."

"Ta ló ti sùn?"

Bámilóyè rọra wo ìsàlẹ̀. Fuad náà wo ìsàlẹ̀. Nígbà tó yé e, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Astagfirullah! Bọ̀dá Bámi! Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Mo pè é, pè é, kò jí."

"Kí lẹ ti lò?" Fuad bi í, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó bèèrè nìyẹn.

"Mo ti lo egbò, mo ti lo èèpo igi. Mo ti ka Sáàmù."

Fuad dì í mọ́ra kó tó jáde, ó ní wọ́láhì, ọ̀rọ̀ náà ti wọ ibojì. Hadassah, tó ń fún àwọn aláìsàn ní káàdì lẹ́nu ọ̀nà, ló kẹ́yìn wọlé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bámilóyè sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún un tán, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bámilóyè yà lọ́dọ̀ Àyúbà, ará Kánò tó ń ta tíì àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì. Àyúbà po tíì náà fún un, ó fi mílíìkì sí i, ó sì gbé ìgò ṣúgà kúrò nítòsí.

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Bàbá, kò sí ṣúgà fún ẹ. Fadékẹ́ ní ìdí ẹ ò dáa."

Ọ̀dọ̀ Màmá ni Bámilóyè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò egbò. "Ọ̀kan ti jáde," ó ní. "Mu tíì rẹ bẹ́ẹ̀. Kò ní pa ọ́."

Lọ́jọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì kan pè é pé kó wá ti aláìsàn kan lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bámilóyè ti bẹ́ẹ̀dì dé wọ́ọ̀dù, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi Dókítà Bọ́lárìnwá tó ká ọwọ́ gbera.

"Aláìsàn náà dà, sà?"

"Ìwọ ni. Dùbúlẹ̀."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹni tó ń wa mọ́tò mi ló sọ fún mi. Ọ̀dọ̀ Níní ló ti gbọ́. Ìpá tó tóbi tó ọmọ àgbọn, o wá ń gbé èèyàn lé orí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́! Ṣé o fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni? Dùbúlẹ̀ kí n yẹ̀ ọ́ wò."

Bámilóyè fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó gba àtẹ̀gùn sáré sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó di ìgbà tí Màmá lọ sọ nǹkan sétí dókítà kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìpá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà ìdánrawò orin, olórí ẹgbẹ́ akọrin pe Bámilóyè sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní láti òní lọ, kó kàn máa la ẹnu. Kó má gbé ohùn kankan jáde.

Bámilóyè gbádùn gbogbo rẹ̀. Ó ń rìn káàkiri Bàrígà bí ẹni tó mọ ohun tí aráyé ò mọ̀. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ni Fuad ti sọ tirẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé Ṣómólú ni Fuad ń gbé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ bùbá tó lọ, ó mú ìwé àdúrà kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya díẹ̀, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a ya ìyókù, ó kọrí sí Ṣómólú. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo, òórùn yíǹkì gba gbogbo àtẹ̀gùn kan. Bó ṣe yọ lókè, àwọn ọmọbìnrin tó ń ká káàdì lórí tábìlì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Moyọ̀sọ́lá dìde fún un lórí àga tirẹ̀ tó ní tìmùtìmù.

"Ẹ rọra jókòó, Bọ̀dá Bámilóyè."

Tìmùtìmù yẹn ló tàn án. Ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí ti dé ibí, ó ní sínú ara rẹ̀. Kò fẹ́ tú àṣírí Màmá kí ọjọ́ tó pé, ó sì gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí kò ba ọkùnrin jẹ́.

"Moyọ̀, o ti gbọ́, àbí?"

"Mo ti gbọ́."

"Má dá wọn lóhùn. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìdajì àwọn ọkùnrin Èkó ló ń ṣe."

"Ìdajì?"

"Wọ́n ń pa á mọ́ra ni. Pásítọ̀ wa gan-an ní in."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fi káàdì bo ojú. Moyọ̀sọ́lá rọra gbé sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ló máa ń fà á?"

"Ṣúgà. Ṣúgà àti ìjókòó pípẹ́. Tí mo bá ti jókòó sórí nǹkan rírọ̀ báyìí, kò sí wàhálà."

"Ẹ gbọ́," Moyọ̀sọ́lá ní, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù, "obìnrin tó bá fẹ́ràn yín dénú kò ní wo ìyẹn. Ẹ ó kàn máa bá ara yín sọ̀rọ̀ ni."

"Sọ̀rọ̀ kẹ̀?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó máa tàkúrọ̀sọ títí oorun á fi gbé yín lọ."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí Bámilóyè, ó sì ń fa dúdú irun náà wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Moyọ̀, kí ni wọ́n sọ fún ẹ gan-an?"

"Ìyàwó kékeré Fuad ló sọ ọ́. Ó ní ó ti sùn, ó ní kò jí."

"Irọ́ ni! Irọ́ ni mo pa! Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wa ní ọsibítù, Màmá ló ní kí n..."

"Màmá ló ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Màmá kò ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Bámilóyè dìde, ó kí gbogbo wọn, ó gbàgbé ìwé àdúrà sórí àga, ó sì sọ̀kalẹ̀. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tó fi ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọbìnrin náà.

Nígbà tó dé ọsibítù lọ́jọ́ Ajé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Ó rò pé ìyá náà máa bá a kẹ́dùn. Màmá bọ́ gíláàsì, ó nu ojú, ó tún gbé e wọ̀.

"Làkúrègbé ni mo rán ọ."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ta ló ní kó o fi ti ìsàlẹ̀ kún un?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ṣómólú. Ẹ ṣàlàyé fún un."

"Èmi? Ohun tí mo fi rán ọ nìkan ni mo lè ṣàlàyé." Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi ikùn rẹ̀. "Jẹ́ kí ọ̀la dé ná."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìkòkò ńlá kan wà lórí tábìlì níwájú Màmá nínú yàrá ìjẹun, wọ́n fi àwo dé e. Bámilóyè jókòó sí iwájú pátápátá, oorun kò sì wá sítòsí rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe Bámilóyè?" Màmá bèèrè.

Gbogbo wọn wo ilẹ̀.

"A ò lè sọ, Màmá," Fadékẹ́ ní. "Àṣírí ni."

"O káre. Ta ló wá sọ jẹ̀díjẹ̀dí fún Àyúbà?"

Fadékẹ́ yí ojú kúrò. "Kó má baà fi ṣúgà pa wọ́n ni, Màmá. Àyúbà nìkan ni mo sọ fún."

"Jẹ̀díjẹ̀dí wo?" Níní ti dìde. "Àǹtí Fadékẹ́, ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa. Ìpá ni! Èmi ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún."

"Ìpá kọ́! Wọn ò tiẹ̀ lè jókòó!"

"Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dákẹ́ jàre," Fuad ní, ó sì na ọwọ́ sókè bí adájọ́. "Ẹ ò mọ nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe ọkùnrin yìí ju ìyẹn lọ. Ìyàwó mi kékeré tí mo sọ fún, ńṣe ló sunkún."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí Bámilóyè, tó ń wo àjà.

Láti ẹ̀yìn, Hadassah gbé ojú kúrò lórí fóònù. "Ṣé Bọ̀dá Bámi ń ṣàìsàn ni?"

"Hadassah nìkan ló yege," Màmá ní.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Màmá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù òkè tó ń mu àgbo ní ìkọ̀kọ̀, tí àgbo náà sì ń bá oògùn dókítà jà nínú rẹ̀. Ó ní òun bi obìnrin náà pé kí ló dé tí kò sọ. Obìnrin náà ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi àìsàn òun ta ẹja létí ọ̀sà.

"Ó mọ̀ yín," Màmá ní. "Kì í ṣe irọ́ ló pa mọ́ yín."

Fadékẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ti ọ̀tẹ̀ yìí sì jẹ́ tòótọ́. Níní fi ọwọ́ rọ̀ ọ́ léjìká. Fuad ń wo bàtà rẹ̀. Màmá wá ṣí ìkòkò. Omi ewúro ni, ó dúdú, kò sí iyọ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè ṣàánú ẹnu. Ó bu ife kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ó fi kọ́ọ̀bù ńlá bu ti Bámilóyè.

"Màmá, èmi kẹ̀? Èmi ni aláìsàn!"

"Làkúrègbé ni mo pò fún ọ. Ìwọ lo da nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí ìkòkò àgbo máa pa èèyàn. Mu ún tán."

Ó mu ún tán. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ títí di ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì, Fuad tẹ̀ lé e lọ sí Ṣómólú. Màmá ló ní kó lọ. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, Fuad dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn pépà tí wọ́n gé kù, ó ní irọ́ ni, wọ́láhì, irọ́ ni wọ́n pa fún òun, òun náà ló gbé irọ́ náà délé, ara ọkùnrin náà dá pé, kò sí ohun tó sùn.

Moyọ̀sọ́lá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó tiẹ̀ jẹ́ kó tún un sọ, nítorí ó ní ẹ̀rọ nísàlẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọbìnrin náà kò lè pa á mọ́ra mọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde, Bọ̀dá Fuad. Lọ́jọ́rú, oníbàárà mi kan láti Bàrígà ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Lọ́jọ́bọ̀, ẹlòmíràn ní ìpá ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyàwó yín dé. Mo ní ó ku kí wọ́n ní ó lóyún."

Bámilóyè na ìka sí i. "O ti mọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Mo ti mọ̀ pé eré kan ń lọ."

"O wá ń sọ pé ká máa tàkúrọ̀sọ?"

"Ojú yín ni mo fẹ́ rí." Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ń gbé ìwé tí ò ya wá bá mi láti ọdún tó kọjá, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní kí n náà fi yín ṣeré díẹ̀."

Ẹ̀rù ba Fuad pé bóyá ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ di ti ìfẹ́ lójú òun, ó fẹ́ máa lọ, Moyọ̀sọ́lá ní kó dúró, kó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn onítẹ̀wé kó pépà kàlẹ́ńdà jọ sí ní dìpọ̀dìpọ̀.

"Ẹ bá mi gbé ọ̀kan wá sókè. Bọ̀dá Fuad, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́."

Bámilóyè ká apá bùbá sókè. Ó gbé dìpọ̀ pépà kan lé èjìká, ó gun àtẹ̀gùn náà láìsinmi, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìpá lọ," Moyọ̀sọ́lá ní. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí igi kan sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó síbẹ̀."

Bámilóyè fi gbogbo ìdí jókòó bámú, ó sì káwọ́ lérí orúnkún.

"Jẹ̀díjẹ̀dí náà lọ."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?" Fuad bèèrè, kò sì mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.

"Fuad!" Bámilóyè pariwo.

Moyọ̀sọ́lá mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́, kò gbójú sókè. "Ìyẹn á dúró títí a ó fi jáde nílé Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tẹ́ ẹ máa lọ bá sọ̀rọ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ dára, tí ẹ bá ráyè."

Bámilóyè ráyè. Ó sọ pé òun ráyè kí Moyọ̀sọ́lá tó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ó dìde lórí àpótí, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì tún gbé dìpọ̀ pépà kan wá sókè. Kò sẹ́ni tó rán an.